Ìyálé Mi Tí Ń Mu Ọtí Àgbàdo

Mo bá a nílé ni. Kí n tó gba físà, kí n tó wọ bàálù, kí n tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí iná tó tàn ní apátíméǹtì wa ní Lake Highlands, ní ìlú Dálásì l'Amẹ́ríkà, mọ́tò yẹn ti wà níwájú ilé, ó sì ti di àyànfẹ́ ọkọ mi. Nílẹ̀ wa, ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ìyálé. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni. Bí ìyàwó tilẹ̀ dàgbà ju ìyálé lọ, ó di dandan kó kúnlẹ̀ kí i. Nítorí náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìyálé mi ni mọ́tò náà, èmi ni ìyàwó.

Ó pupa, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á ṣe bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí ẹní. Ọkọ mi kò fi í sílẹ̀ bó ṣe rà á. Ó fi ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì kún un, ó pààrọ̀ páìpù èéfín rẹ̀, ó wá so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọpọlọ rẹ̀ kọ, kó lè máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ lọ. Láti ìgbà náà ni epo tí gbogbo ayé ń rà kò ti tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Epo tí wọ́n fi ọtí àgbàdo lú ló ń mu, ọtí ọ̀hún ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé epo tó ń tà á kò pọ̀, ọkọ mi á wakọ̀ kọjá gbogbo ilé epo tó wà nítòsí wa kó lè lọ bá a ra tirẹ̀. Bí èmi bá ní kó bá mi ra ata rodo bọ̀, á ní ibẹ̀ ti jìnnà jù, ṣé n kò lè fi tàtàṣé sè é ni?

Ìyá ọkọ mi pàápàá mọ̀ ọ́n. Bí a bá ń fi fóònù rí ara wa, á kí mi, á kí oyún inú mi, á wá ní, "Ìyálé rẹ ńkọ́?" Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Eyín mi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń dùn mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ epo kọ́. Bó ṣe máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Irving, á ṣíná sí mọ́tò náà, á bọ́ sílẹ̀, á dúró tì í tòun ti ife kọfí. Á dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á dijú. Láti ojú fèrèsé ìdáná ni mo ti máa ń wò ó. Bó bá wọlé, á ní, "Ohùn ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àná." Èmi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ohùn. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mo lè dé láti ibi iṣẹ́, kí n máa sọ fún un bí màmá àgbà kan ṣe di ọwọ́ mi mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, ọkọ mi á máa wo fóònù, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀n-ẹ́n." Bí ohùn mi yàtọ̀ láti àná títí dé ọdún tó ń bọ̀, ta ni yóò gbọ́?

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní irin ni mò ń jowú, mo gbà. Òrìṣà jẹ́ kí n pé méjì, obìnrin kò dénú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé kí èkejì ṣáà ti jẹ́ ènìyàn.

Nígbà tí oyún mi wá yọ dáadáa, mọ́tò tèmi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ kan, ọkọ mi sì fi tirẹ̀ gbé mi lọ rí dókítà. Títì ńlá tó gba àárín ìlú là ń gbà bọ̀. Gbogbo ibi tí títì ti sán ni mo ń fi ìdí mọ̀. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá bímọ yìí tán, ibo la máa gbé car seat sí? Orí engine?" Nígbà tí a délé, ó pa iná mọ́tò, ó wà níjòókòó, ó fọwọ́ lé sítíárìn, ó wá ní, "Màá tà á."

Mi ò gbà á gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ rà á, ọkọ mi ní ọwọ́ ẹni náà le jù. Èkejì, ó ní ó ń wàdùwàdù. Mo ní, "Ṣé ọmọ lẹ fẹ́ fi fọ́kọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tijú. Lẹ́yìn èyí ló sọ fún mi pé òun ti rí ẹnì kan ní Duncanville, ìlú kan nítòsí wa, ọwọ́ ẹ̀ dára, ó ń bọ̀ ní Sátidé. Bí mọ́tò bá ṣiṣẹ́, ó máa gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ó ti rí òmíràn tó máa rà. Mo ń ka àsìkò dé Sátidé bí ọmọ iléèwé tó ń retí ìsinmi. Mo fẹ́ kí ìyálé mi yìí kúrò nílé mi.

Dálásì kì í ṣe ìlú òtútù. Oòrùn ibẹ̀ lè yan ẹ̀pà lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ọjọ́ díẹ̀ máa ń wà tí òtútù á sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá, tí omi á dì, tí gbogbo ìlú á sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yàn. Ní ìrọ̀lẹ́ Fráídé, a ṣe bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n: a jẹ́ kí omi máa kán ní ẹ̀rọ kó má baà dì sínú páìpù, mo fi táwẹ̀lì ògbólógbòó wé ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé. Mo wá wọ yàrá láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò rí búláńkẹ́ẹ̀tì mi.

Búláńkẹ́ẹ̀tì tí mò ń wí yìí, ìyá mi ló fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ó nípọn, ó wúwo, àwòrán kìnnìún wà lára rẹ̀. Òun nìkan ló gba ìdajì báàgì mi nígbà tí mò ń bọ̀. Mo wá a dé kọ́ńbọ́ọ̀dù. Mo wojú fèrèsé. Kìnnìún ìyá mi dùbúlẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ọkọ mi, ó ń wò mí.

Mo ní, "Búláńkẹ́ẹ̀tì mi?"

Ó ní, "Baby, it's just for tonight. Tí engine yẹn bá tutù jù, kò ní start lọ́la, buyer sì ń bọ̀."

Mo ní, "Ṣé ara ẹ̀ gbóná tẹ́lẹ̀ ni? Ẹni tí ara ẹ̀ bá gbóná ni búláńkẹ́ẹ̀tì ń bá tọ́jú ooru. Irin tó ti tutù, ẹ kàn daṣọ bo òtútù ni."

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó ti ń wo fóònù.

Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ sùn.

Ohùn rẹ̀ ló jí mi ní òwúrọ̀. Hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀, hùkù. Á dákẹ́. Hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀, hùkù. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń húkọ́, kò sì gbiná. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkọ mi ti tú nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀hún. Kò fẹ́ tà á. Ó fẹ́ kí ẹni Duncanville dé, kó rí i pé kò ṣiṣẹ́, kó sì bá tirẹ̀ lọ, kí òun wá mí kanlẹ̀ níwájú mi, kó ní, "Mo kúkú gbìyànjú."

Mo wọ kóòtù lé ìró mi, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo jáde. Ilẹ̀ ń yọ̀, mò ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Òjò wẹ́wẹ́ ti rọ̀ sórí búláńkẹ́ẹ̀tì mi, ó sì ti dì. Ọkọ mi ti gbé e sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gan bí pánla. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, wáyà sì so ó mọ́ ìyálé mi nísàlẹ̀ sítíárìn.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Iná ń bẹ. Epo ń wọlé. Computer ò sì rí àṣìṣe kankan." Ó ṣàlàyé fún mi láì wojú mi. Nígbà tó ń tún ọpọlọ mọ́tò náà kọ, ìgbà ooru ni. Iye epo tó yẹ kó mu ní ìgbà tó bá ń jí, ó wọ̀n ọ́n fún ìgbà ooru. Ti ìgbà tí omi ń dì, ó kàn fojú dá a ni. "Ta ló mọ̀ pé Dallas máa tutù báyìí?" Ọtí àgbàdo kò sì tètè gbiná nínú òtútù bí epo lásán. Nítorí náà, ó máa fi epo kún un.

Ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀, hùkù. Ó tún fi kún un. Hùkù. Òórùn epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn mọ́tò.

Mo káwọ́ gbera. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lóòótọ́?"

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Kí lo ní lọ́kàn?"

"Mo kàn ń béèrè ni."

Ó nawọ́ ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú mọ́tò, kó lè mú tọ́ọ̀ṣì. Òfìfo ni, tọ́ọ̀ṣì náà nìkan ló kù níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Awò oòrùn rẹ̀, Bíbélì kékeré tó máa ń wà níbẹ̀, aṣọ funfun tó fi ń nu jíǹgí, gbogbo rẹ̀ ló ti kó sínú ọ̀rá kan, ó so ọ́ lẹ́nu. Ó ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò fẹ́ kọ ìyàwó kì í di ẹrù rẹ̀. Owú mi náà jókòó, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

Ó ṣí ẹ́ńjìnnì, ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, àwọn tó ń ṣáná sí epo. Ó gbé ọ̀kan sókè kí n wò ó. Epo ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó. Ó ní, "They're soaked. Iná ò lè tàn nínú omi." Ó kó gbogbo wọn wọlé. Nígbà tí mo fi máa tẹ̀lé e dé ìdáná, ó ti fi ìwé ìnuwọ́ nù wọ́n, ó ti tan sítóòfù, ó sì ti tò wọ́n sínú páànù tí mo fi ń dín dòdò. Ó ń yí wọn padà jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè gbẹ kí wọ́n sì gbóná. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí, kò dín ẹyin fún mi rí.

Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá a mu nígbà tí táàsì kan dúró níwájú ilé. Ẹni Duncanville dé. Mi ò béèrè rí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọkàn mi ti sọ fún mi pé ọkùnrin ni. Ọmọbìnrin ni. Ó dirun, ó wọ bàtà iṣẹ́, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń kó ẹrù sí bàálù máa ń wọ̀, tó ń tàn yòò. Owú mi tó ti jókòó, ó tún dìde dúró.

Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo ikùn mi. Ó kúnlẹ̀ lórí yìnyín, orúnkún méjèèjì. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú òtútù, mà." Yorùbá rẹ̀ ń fi Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, òtútù á mú ẹ." Mo sì fẹ́ kó máa kúnlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ sí i.

Òun àti ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n irú Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò gbọ́. Ọkọ mi á sọ ìdajì, ọmọ náà á sọ ìdajì tó kù. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "ẹ̀n-ẹ́n." Ó ní kí ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́ kí òun gbọ́ bí epo ṣe ń sáré bọ̀ nínú ọ̀pá. Ọkọ mi yí i. Ọmọ náà bá dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dijú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo di páànù mi mú lẹ́nu ọ̀nà. Irin nìkan ni mo ti ń bá jà látọjọ́ yìí. Wàyí o, ẹni tó gbọ́ èdè irin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ara ọkọ mi sì yá gágá bí ti ẹni tí wọ́n kí lédè ìlú rẹ̀ lẹ́yìn odi.

Wọ́n dá àwọn púlọ́ọ̀gì padà. Ṣùgbọ́n gbogbo yíyí òwúrọ̀ yẹn ti rẹ bátìrì, ẹ́ńjìnnì kò lágbára láti yí mọ́. Ọkọ mi wò yíká. Ó ní, "Baby, jọ̀ọ́, gbé mọ́tò rẹ wá."

Mọ́tò mi kéré, àwọ̀ eérú ni, epo lásán ló ń mu. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jí. Mo tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ìyálé mi gbọ́ dáadáa. Mo gbé e dé iwájú rẹ̀, wọ́n fi wáyà so bátìrì tèmi mọ́ tirẹ̀. Ìyàwó ló wá ń fọwọ́ bọ́ ìyálé lóúnjẹ.

Ó ku ẹni tó máa yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi fẹ́ wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ọmọ náà ló gba kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kò rí ẹlòmíràn, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, kò jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ rí. Mo ti ara mi wọlé díẹ̀díẹ̀. Ikùn mi kan sítíárìn.

Ó ní, "Yí key nìkan. Gear wà ní neutral. Má tẹ gas o, jọ̀ọ́. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Mo yí i. Hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀, hùkù. Kò sí.

Ọkọ mi kígbe sí ọmọ náà, "Fi kún un." Ọmọ náà fi kún un. Mo tún yí i. Hùkù. Òórùn epo gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi, ó wọ imú mi, ó sì gbé mi lọ.

Ó gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí àárọ̀ ọyẹ́. Bàbá mi, tó ti dolóògbé, olùkọ́ ni. Ó ní mọ́tò Faransé àtijọ́ kan, funfun, tó kórìíra ọyẹ́ bí ológbò ṣe kórìíra omi. Láàárọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, títí gbogbo ọgbà á fi máa rùn fún epo. Bàbá mi á wá lé wọn kúrò. Á ní, "Ẹ dá a dúró. Ó ti yó. Ẹni tó bá yó, atẹ́gùn là ń fẹ́ sí i, a kì í tún bu ọtí fún un." Á wá pè mí. Nínú gbogbo wa, èmi ló máa ń pè, torí ó ní ẹsẹ̀ mi kì í gbọ̀n. Á ní kí n tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ pátápátá, kí n má gbé e, kí n má fi ṣeré, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé lọ gbẹ epo tó ti kún un lọ́fun. Á wá yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi láyé ìgbà yẹn tó kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí ilẹ̀ kí wọ́n máa wò mí.

Mo tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ mi gbọ́ ọ lára ẹ́ńjìnnì. "Baby, no! Má tẹ̀ ẹ́! O máa bà á jẹ́!"

Mo ṣe bí adití. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń ṣe é fún mi. Hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀-hẹ̀rẹ̀. Hùkù. Mi ò gbé ẹsẹ̀. Hùkù, hùkù. Mi ò gbé ẹsẹ̀. Lójijì ni èéfín funfun tú jáde lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù. Mo rọra ń gbé ẹsẹ̀ kúrò bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, kó má baà kú. Kò kú. Ohùn rẹ̀ gba inú àga wọ ẹ̀yìn mi, ó gba ẹ̀yìn mi dé àyà, ọmọ inú mi sì ta mí nípàá lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn. Inú bí mi pé ó dùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Duncanville ń fò lórí yìnyín. "Aunty! How did you know that?" Ọkọ mi káwọ́ lérí. Ó wò mí láti iwájú mọ́tò. Ó wá ní, "Clear flood. Mo mọ̀ ọ́n o. Mo ti kà á rí." Ó ní bí ẹsẹ̀ bá ti kanlẹ̀ pátápátá, ọpọlọ mọ́tò náà á sé epo, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ nìkan máa wọlé. Kò ṣẹlẹ̀ sí i rí ló jẹ́ kó gbàgbé. Àṣé wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ bàbá mi sínú kọ̀ǹpútà.

Ọmọ náà wà á yípo àdúgbò, ó padà dé, ojú rẹ̀ ń tàn. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi. Ọkọ mi wá ń kọ́ ọ: kó máa fi epo lásán lú ọtí náà nígbà òtútù, kó jẹ́ kó gbóná kó tó sáré, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń wàdùwàdù wà á. Bí bàbá tó ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ ló rí. Ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi, ó tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Thank you, ma. Màá tọ́jú ẹ̀." Èmi ló sọ ọ́ fún. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wí, mo ní kó máa rọra wakọ̀, títì ń yọ̀.

Ó gbé e lọ. Mo ti rò pé màá jó lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ ti mọ orin tí màá kọ. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ mi ni mò ń wò, kì í ṣe mọ́tò. Ó dẹ orí sọ́tùn-ún, ó dijú, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe yà lọ́nà apá òsì, bó ṣe dé ẹ̀gbẹ́ títì ńlá, títí etí tèmi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Tirẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni òwe kan tí wọ́n máa ń pa nílé wa wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà mí: pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó lè dijú ta ohun tó fẹ́ràn tó báyìí nítorí tèmi, ta ló mọ nítorí ta ni yóò fi ta èmi náà? Mo tún jowú ọmọ náà, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ ohun tí mo fi ẹsẹ̀ tèmi jí. Mo jowú gbogbo wọn pọ̀.

A wọlé. Ó gbé búláńkẹ́ẹ̀tì mi lọ kọ́ sí ilé ìwẹ̀ kó lè yọ́. Mo ń fọ páànù mi, ó ń rùn fún epo, ọṣẹ kò ràn án. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tó máa fi bojú jẹ́.

Ó fa àga, ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná. Ó ní, "Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lọ́dọ̀ bàbá mi."

"O ò sọ fún mi rí pé Dádì ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ò bi mí rí."

Mi ò fi ìbínú sọ ọ́. Bó ṣe rí ni mo sọ ọ́. Omi tó ń kán ní ẹ̀rọ nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún mi."

Mo pa ẹ̀rọ omi, mo nu ọwọ́ mi, mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ara ọyẹ́, láti ara àwọn ẹ̀gbọ́n mi àti òórùn epo nínú ọgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí bàbá mi ti ń lé wọn kúrò ni fóònù ọkọ mi dún lórí tábìlì. Mo rí i. Ọmọ Duncanville ni, ó fi àwòrán ìyálé mi ránṣẹ́ níwájú ilé rẹ̀, ó sì kọ ìbéèrè kan sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi ti gbéra lọ síbẹ̀. Mo dákẹ́. Ó ti mọ́ mi lára láti dákẹ́ síbẹ̀.

Ó mú fóònù náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Ó ní, "Dádì wá sọ pé kí ni?"

Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rọra ń sọ ọ́, torí mi ò fẹ́ kó tètè tán.